Òròmọdìyẹ Tó Ń Rọ Apá: Kí Ló Yẹ Kí Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Sìn Ín Kọ́kọ́ Ṣe?

Bí òròmọdìyẹ bá rọ apá sílẹ̀, tó dijú lọ́sàn-án gangan, tó sì fà sẹ́yìn láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa ń jáde lẹ́nu ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sin adìyẹ: oògùn wo ni kí n fún un? Ní Agoua àti àwọn abúlé tó yí i ká, ìdáhùn kì í wọ́n. Ìyá àgbà á ní kí wọ́n gún ata sínú omi. Ẹni tó ń ta oògùn lọ́jọ́ ọjà á na kápúsù sí i. Ọ̀dọ́ tó ti kọ́ṣẹ́ ọ̀sìn ní Savalou á ní àjẹsára ló yẹ kó ti gbà ṣáájú. Fóònù ní tirẹ̀ á kó ogún ìdáhùn jáde, ìdajì wọn á sì máa bá ìdajì yòókù jà. Iṣẹ́ àgbéyẹ̀wò yìí ni pé ká wo àwọn ìdáhùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ká mọ èyí tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. N ò ní fi ibi tí mo dúró sí pa mọ́. Ní tèmi, ooru, omi àti àyè ọ̀tọ̀ ló yẹ kó ṣáájú oògùn. Púpọ̀ nínú òròmọdìyẹ tó ń kú mọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sìn lọ́wọ́, oògùn kò lè gbà á là, yálà nítorí pé òtútù ló pa á, tàbí nítorí pé àrùn tó pa á kò ní oògùn rárá.

Agoua wà lábẹ́ Bantẹ̀, ní ẹkùn Collines nílẹ̀ Benin, lẹ́bàá igbó ọba ńlá tó ń jẹ́ orúkọ kan náà. Àwọn Ìfẹ̀ àti àwọn Ìṣà, tí èdè wọn bá tiwa tan, pọ̀ níbẹ̀. Iṣu, àgbàdo, ẹ̀pà àti kajú ni wọ́n ń gbìn, ṣùgbọ́n agbo ilé tí adìyẹ kì í jẹ̀ nínú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Adìyẹ ló sábà máa ń jẹ́ ohun ìní àkọ́kọ́ fún ọmọdé. Òun ni obìnrin máa ń tà nígbà tí owó ilé ìwé tàbí owó oògùn bá dé lójijì, òun náà ni wọ́n ń pa fún àlejò àti fún òrìṣà. Ìran tó ń tọ́ka sí Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n, níbi tí ìtàn ti ní adìyẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún ló tan ilẹ̀ ayé ká, nítorí náà kò yẹ kí ipò adìyẹ láàárín wọn yani lẹ́nu.

Adìyẹ ìbílẹ̀ sábà máa ń sàba lé ẹyin bíi mẹ́jọ sí méjìlá, èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ ló sì ń pa. Kó tó di pé ìyá wọn lé wọn kúrò lẹ́yìn rẹ̀, àwọn tó ti ṣèwádìí lórí adìyẹ abúlé káàkiri Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà rí i léraléra pé ó lè ju ìdajì wọn lọ tó ti kú. Àṣá, ejò, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ àti ológbò kó tiwọn, òjò kó tirẹ̀, àrùn kó ìyókù. Kí ẹni tí ọ̀kan bá kú mọ́ lọ́wọ́ má tètè gbà pé orí òun ni kò gbe ẹran ọ̀sìn.

Ọ̀nà méjì ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sìn pín sí, ìmọ̀ràn kan náà kò sì lè bá wọn mu. Àwọn kan wà tí wọ́n fún ní àgbébọ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá adìyẹ ń ṣe ìdajì iṣẹ́ fún irú wọn: ó ń ràdọ̀ bò wọ́n, ó ń pè wọ́n síbi oúnjẹ, ó ń kìlọ̀ nígbà tí òjìji bá kọjá lókè. Òròmọdìyẹ kò mọ àwòdì, ìyá rẹ̀ ló mọ àṣá. Àwọn kejì ni àwọn tó ra òròmọdìyẹ ọlọ́jọ́ kan nínú páálí, láti ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ pamọ, láìsí ìyá. Irú wọn ń pọ̀ sí i. Ibùdó Songhaï, tí àlùfáà Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní Porto-Novo ní 1985, ní ẹ̀ka kan ní Savalou tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ oko àti ọ̀sìn. Lápá ọ̀dọ̀ wa ní Nàìjíríà, Amo Farm ní Awẹ́, lẹ́bàá Ọ̀yọ́, ló ń pamọ irú adìyẹ tí wọ́n ń pè ní Noiler, Yunifásítì Iṣẹ́ Ọ̀gbìn ti Abẹ́òkúta sì gbé FUNAAB Alpha jáde ní 2018. Méjèèjì ni wọ́n ṣe fún ẹni tó fẹ́ sin adìyẹ ní agbo ilé láìkọ́ ọgbà ńlá.

Inú páálí ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Òròmọdìyẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ṣì ní ìyókù pupa ẹyin nínú ikùn, èyí tó lè gbé e ró fún bí ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Òun ló jẹ́ kí wọ́n lè fi í ránṣẹ́ sí ọ̀nà jíjìn láìjẹ láìmu. Ṣùgbọ́n pupa ẹyin kì í bo ara. Bí wọ́n bá gbé páálí náà sẹ́yìn zémidjan, ọ̀kadà àwọn ará Benin, ní ìdájí ọyẹ́, afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà á ti ba iṣẹ́ jẹ́ kó tó délé.

Òròmọdìyẹ kò lè dá mú ara rẹ̀ móoru dáadáa ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Ibi tó wà ní ọ̀sẹ̀ kìíní yẹ kó gbóná tó ìwọ̀n 32 sí 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí wọ́n sì máa dín in kù ní bí ìwọ̀n mẹ́ta lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ títí ìyẹ́ gidi á fi hù. Ará Agoua lè sọ pé ilẹ̀ àwọn gbóná, kí làwọn fẹ́ fi iná ṣe? Lọ́sàn-án, òótọ́ ni. Láti Oṣù Kejìlá dé Oṣù Kejì, ní àkókò ọyẹ́, ìdájí ibẹ̀ máa ń tutù débi tí àgbàlagbà á fi wá aṣọ bora. Èyí tí wọ́n bá nílẹ̀ tó ń gbọ̀n ní aago mẹ́fà àárọ̀ lè jẹ́ èyí tí ara rẹ̀ le koko lálẹ́ àná, tí kò sí àrùn kankan lára rẹ̀.

Bí ara rẹ̀ bá ti tutù, oúnjẹ kì í dà nínú rẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá ń fi tipátipá kó oúnjẹ sí i lẹ́nu nígbà yẹn ń yá a lọ́wọ́ láti kú ni. Ẹ kọ́kọ́ mú un gbóná. Nínú gbogbo ọ̀nà tí mo mọ̀, ìgò ike tí wọ́n bu omi gbígbóná sí, tí wọ́n fi aṣọ wé, tí wọ́n tẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú páálí, ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ̀gbẹ́ kejì páálí á wà láìgbóná, kí òròmọdìyẹ lè sá síbẹ̀ bí ooru bá pọ̀ jù. Ìgò kò nílò iná mànàmáná, kò lè jó ilé, kò sì náni ju igi ìdáná lọ, àfi pé èèyàn gbọ́dọ̀ jí lóru láti pààrọ̀ omi. Ìkòkò ẹ̀yinná tí ọ̀pọ̀ ń lò náà ń mú ilé móoru, ṣùgbọ́n nínú yàrá tí wọ́n ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀ pa, atẹ́gùn olóró tó ń tú jáde kì í hàn lójú, ó sì lè pa adìyẹ àti ẹni tó ń sìn ín pọ̀. Àtùpà oníkẹrosíìnì, kí wọ́n gbé e kọ́, kí wọ́n má gbé e lé orí koríko. Àwọn tí iná mànàmáná SBEE, ilé iṣẹ́ iná Benin, dé ọ̀dọ̀ wọn ní tiwọn ń so gílóòbù LED, ó sì ń yà wọ́n lẹ́nu pé òtútù ṣì ń pa òròmọdìyẹ lábẹ́ rẹ̀. Irú gílóòbù yẹn ń tànmọ́lẹ̀ ni, kì í gbóná bíi ti àtijọ́.

Kò pọn dandan kéèyàn ní ẹ̀rọ ìwọn-ooru. Bí wọ́n bá rọ́ mọ́ra wọn lójú kan, tí wọ́n ń ké kíkankíkan, òtútù ń mú wọn. Bí wọ́n bá na apá, tí wọ́n la ẹnu, tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, ooru ti pọ̀ jù. Ìgbà tí wọ́n bá tàn káàkiri, tí ohùn wọn rọlẹ̀, nígbà náà ló tó.

Omi ló kàn. Kó lọ́wọ́ọ́wọ́, kí wọ́n sì ti ṣóńṣó àgógó ẹnu rẹ̀ bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan kó lè mọ̀ pé omi ni. Ṣúgà díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní dára fún èyí tí ìrìn àjò ti tán lókun. Omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí à ń pò fún ọmọdé tó ń yàgbẹ́ gbuuru, ẹ ṣọ́ra fún un, tórí òròmọdìyẹ kò lè gba iyọ̀ sára bíi tiwa. Bákan náà, kí ẹnikẹ́ni má rọ omi sí i lọ́fun. Ihò tó fi ń mí ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn ahọ́n gan-an, inú ẹ̀dọ̀fóró ni omi tí a bá fipá rọ sì máa ń gbà lọ. Ẹ̀gbẹ́ àgógó ni kí wọ́n ti jẹ́ kó máa kán, kó gbé e mì fúnra rẹ̀. Àwo omi kó jẹ́ pẹlẹbẹ, kí òkúta wẹ́wẹ́ sì wà nínú rẹ̀, tórí ọ̀pọ̀ òròmọdìyẹ tí wọ́n ní àìsàn pa, inú àwo omi ló rì sí. Ní ti àyè ọ̀tọ̀, àwọn yòókù máa ń ṣá èyí tí kò lágbára, wọ́n sì lè kó àrùn ràn án, tàbí kí òun kó o ràn wọ́n. Kí wọ́n yà á sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n níbi tó ti lè máa gbọ́ ohùn wọn, kó má baà fi igbe pa ara rẹ̀.

Ohun mìíràn tó wọ́pọ̀ lára àwọn tó ti inú páálí wá ni ìgbẹ́ tó gan mọ́ ìdí títí tí kò fi lè yàgbẹ́ mọ́. Kí wọ́n fi aṣọ tí wọ́n rẹ sínú omi lọ́wọ́ọ́wọ́ tẹ ibẹ̀ títí á fi rọ̀, kí wọ́n nù ún mọ́, kí wọ́n nu ara rẹ̀ gbẹ, kí wọ́n wá fi òrí díẹ̀ pa á. Òrí ò sì wọ́n ní Bantẹ̀. Ẹni tó bá fà á ní gbígbẹ lè fa awọ ya. Ìdí ni mo wí o, ìdodo kọ́. Ìdodo wà lábẹ́ ikùn, èèpá kékeré dúdú sì lè wà lójú rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní. Àwọn aláìmọ̀ máa ń rò pé ìgbẹ́ ni, wọ́n á fà á já, kòkòrò àìfojúrí á sì gbabẹ̀ wọlé. Bí ìdodo bá rọ̀ tó sì ń rùn, pupa ẹyin inú rẹ̀ ti bàjẹ́. Díẹ̀ ló ń là nínú irú wọn, ọ̀pọ̀ ìgbà sì ni ẹ̀bi jẹ́ ti ìdọ̀tí ibi tí wọ́n ti pamọ, kì í ṣe ti ẹni tó rà á.

Àwọn àgbà ní adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ká sòótọ́, adìyẹ kì í làágùn rárá, ẹnu ló fi ń tú ooru jáde, síbẹ̀ òwe náà bá ọ̀rọ̀ wa mu: ẹyẹ máa ń fi àìsàn pa mọ́ títí agbára rẹ̀ á fi tán. Kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sìn tó rí i, ó ti lè tó ọjọ́ méjì tó ti wà nínú rẹ̀. Ìgbẹ́ ló sábà máa ń kọ́kọ́ tú àṣírí. Èyí tó funfun bí ẹfun, tí ikú sì ń tẹ̀ lé e léraléra ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, lè jẹ́ pullorum, àrùn tí Leo Rettger ṣàpèjúwe ní Amẹ́ríkà ní 1899, tó ń ti ara ìyá wọ inú ẹyin. Ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkẹfà ń tọ́ka sí coccidiosis. Àwọ̀ ewé ni wọ́n máa ń fi mọ lúkúlúkú, ṣùgbọ́n adìyẹ tí kò rí oúnjẹ jẹ fún ọjọ́ kan gan-an lè yàgbẹ́ aláwọ̀ ewé. Ẹni tó bá fi àwọ̀ ìgbẹ́ nìkan dárúkọ àrùn fún yín, ẹ má gbà á gbọ́ pátápátá.

Lúkúlúkú, tí àwọn dókítà ẹran ń pè ní Newcastle, ni olórí ọ̀rọ̀. Ọdún 1926 ni wọ́n kọ́kọ́ dá a mọ̀, ní erékùṣù Java àti nítòsí Newcastle nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlú tó ta á lórúkọ. Ní Nàìjíríà, agbègbè Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀, láàárín 1952 sí 1953. Ọyẹ́ ló sábà máa ń bá wọlé, ní àkókò kan náà tí adìyẹ ń lọ tó ń bọ̀ lọ́jà nítorí ọdún. Adìyẹ á máa mí tariwotariwo, ọrùn rẹ̀ á lọ́, á máa yí bìrí lójú kan, ẹsẹ̀ àti apá á rọ. Àwọn mìíràn kì í fi àmì kankan hàn, wọ́n á kàn bá wọn ní òkú ní òwúrọ̀. Nínú agbo tí kò gba àjẹsára, ó lè kó èyí tó pọ̀ jù lọ lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Kò ní oògùn. Mo tún un sọ, nítorí gbólóhùn tí àwọn tó ń tajà kì í fẹ́ ká gbọ́ nìyí: kò sí ewé, kò sí kápúsù, kò sí abẹ́rẹ́ tó ń wo lúkúlúkú. Èyí tó bá yè, ara rẹ̀ ló jà fún un. Ibẹ̀ sì ni ìtànjẹ ti ń wá. Ohun tí wọ́n fún un kẹ́yìn ni wọ́n máa ń yìn. Bí ata ni, ata di oògùn lúkúlúkú. Bí kápúsù tetracycline ni, tetracycline di oògùn lúkúlúkú. Àwọn tó kú tí àwọn náà mu ata, kò sẹ́ni tó ń kà wọ́n.

Àjẹsára ló wà fún un. Èyí tó bá abúlé mu jù lójú tèmi ni I-2, tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Queensland ní Ọsirélíà ṣe pẹ̀lú àtìlẹ́yìn ìjọba ibẹ̀ fún ibi tí fíríìjì kò sí. Ó lè fara da ooru fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n tó pò ó. Ẹ̀kán kan sí ojú kan, òròmọdìyẹ àti àkùkọ ìwọ̀n kan náà, kí wọ́n sì tún un ṣe lẹ́yìn bí oṣù mẹ́rin. La Sota àti Hitchner B1 tí wọ́n ti wà ṣáájú rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ òtútù láti ibi tí wọ́n ti ṣe wọ́n títí dé ojú adìyẹ, ọ̀nà sì jìn láti Cotonou dé Agoua. Ẹ mọ̀ pé àjẹsára kì í wo èyí tó ti ń ṣàìsàn. Ó ń tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kó tó di ààbò.

Coccidiosis ni ibi tí oògùn ti lórúkọ. Kòkòrò tíntìntín kan tó ń jẹ́ Eimeria ló ń fà á, ìfun ló ń gbé. Ẹyin rẹ̀ ń bá ìgbẹ́ jáde, ó sì nílò bí ọjọ́ kan tàbí méjì nínú ọ̀rinrin àti ooru kó tó lè ran òròmọdìyẹ mìíràn. Èyí fi hàn pé ilẹ̀ gbígbẹ àti gbígbá ìgbẹ́ lójoojúmọ́ ti ṣe ìdajì iṣẹ́ oògùn. Lákòókò òjò ni kí ẹ máa retí rẹ̀, pàápàá níbi tí àwo omi ti ń dànù sórí koríko ìtẹ́lẹ̀. Amprolium nínú omi mímu fún bí ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára rẹ̀, ń gba púpọ̀ là bí wọ́n bá tètè bẹ̀rẹ̀. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ dára ní mímọ̀: ó jọ fítámì B1, ìjọra yẹn ló fi ń ré kòkòrò náà jẹ títí ebi á fi pa á. Ẹni tó bá wá pò ó mọ́ fítámì tó ní B1 nínú, kí ara òròmọdìyẹ lè tètè le, ohun tó fi ọwọ́ ọ̀tún fún un ló ń fi tòsì gbà. Bí ẹni tó jìnnà sí dókítà bá fẹ́ ní oògùn adìyẹ kan ṣoṣo nílé, amprolium ni kó ní.

Àwọn àrùn yòókù, n ò ní pẹ́ lórí wọn. Marek, tí onímọ̀ ará Họ́ngárì kan, József Marek, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1907, àjẹsára rẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbà lẹ́yìn tó ti ra adìyẹ délé. Ọjọ́ tí wọ́n pamọ ni wọ́n ń gún un, nítorí náà ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó. Gumboro, tó gba orúkọ rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Delaware ní Amẹ́ríkà ní 1962, tún máa ń dé ní ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkẹfà, òun náà kò sì ní oògùn. Ṣọ̀pọ̀ná adìyẹ, tí ẹ̀fọn ń tàn kálẹ̀, máa ń yọ èèwo gbígbẹ sójú àti etí àgógó. Bí kò bá ti wọ ọ̀fun, ó sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀, kí wọ́n kàn máa nu ojú rẹ̀ kó lè ríran jẹun. Iná ara adìyẹ, eérú ló ń lé e. Adìyẹ tó bá rí eérú àti iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ á wẹ ara rẹ̀.

Ẹsẹ̀ tó rọ kì í fìgbà gbogbo jẹ́ àrùn. Ní Batavia ní erékùṣù Java, ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, dókítà ará Netherlands kan tó ń jẹ́ Christiaan Eijkman rí i pé àwọn adìyẹ ilé ìwádìí rẹ̀ kò lè dìde mọ́. Ìrẹsì funfun tó kù nílé ìdáná ilé ìwòsàn ológun ni wọ́n ń fún wọn jẹ. Alásè tuntun dé, ó ní adìyẹ aráàlú kò gbọ́dọ̀ jẹ ìrẹsì ológun, wọ́n padà sí ìrẹsì tí wọn kò bó tán, àwọn adìyẹ sì dìde. Ibi ọ̀rọ̀ adìyẹ yẹn ni ìmọ̀ nípa fítámì ti fìdí múlẹ̀, Eijkman sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1929. Òròmọdìyẹ tó ń tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ kiri kì í sábà ní ìṣòro yìí, tórí kòkòrò àti ewé tútù tó ń ṣa jẹ ti tó o. Ẹni tó bá sé e mọ́ inú àgò nítorí àṣá ti gba kòkòrò lẹ́nu rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ fi nǹkan dípò. Gààrí, ìrẹsì funfun àti ìyẹ̀fun àgbàdo nìkan kò tó: oúnjẹ òròmọdìyẹ nílò purotéènì tó tó ìdá kan nínú márùn-ún. Ọgbọ́n tí wọ́n ń dá láti àríwá Benin àti Togo dé Burkina Faso sì rọrùn. Wọ́n á kó ìgbẹ́ màlúù àti pòròpórò tí wọ́n rẹ sínú ìkòkò, wọ́n á da ojú rẹ̀ dé ihò ikán ní ìrọ̀lẹ́, ní òwúrọ̀ wọ́n á gbọn ikán tó ti kún inú rẹ̀ sílẹ̀ fún òròmọdìyẹ. Nínú gbogbo ohun tí mo gbé yẹ̀ wò, n ò rí èyí tó náni díẹ̀ tó sì wúlò tó èyí.

Àgbàdo tó bu àti ẹ̀pà tó hu olú, tí wọ́n ń rò pé adìyẹ ló tọ́ sí nígbà tí kò yẹ fún èèyàn mọ́, ni kí wọ́n yẹra fún. Ní 1960, tòlótòló tó lé ní 100,000 kú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú oṣù díẹ̀, wọ́n sì kà á sí àrùn àjèjì kí wọ́n tó mọ̀ pé oró tí olú fi sínú ẹ̀pà tó ti Brazil wá ló pa wọ́n. Ẹ̀dọ̀ ni oró náà ń bàjẹ́, ọmọ ẹyẹ ló sì ń tètè mú.

Ó ku àwọn àgbà àti ewé wọn. Èèpo ọ̀gánwó, ata, àlùbọ́sà, ewúro, dóńgóyárò, èso ìbẹ́pẹ fún aràn: gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń lò láti Savalou dé Bassila. N kì í ṣe ara àwọn tó ń fi ewé rẹ́rìn-ín. Àwọn kan nínú rẹ̀ korò tó láti bá aràn jà, omi tí wọ́n fi pò ó fúnra rẹ̀ sì ń ran èyí tí òǹgbẹ ń gbẹ lọ́wọ́. Ohun tí mo ń bá wọn jà lé lórí ni ìwọ̀n, àti ọjọ́ orí. Òròmọdìyẹ ọlọ́sẹ̀ kan wúwo díẹ̀ ju ẹyin tó ti jáde wá lọ. Omi tó korò jù, kò ní mu ún, òǹgbẹ sì lè pa á kí àrùn tó pa á. Níbi tí mo ti gbà fún àwọn ìyá àgbà pátápátá ni ohun tí wọ́n ń ṣe láìpè é ní oògùn: àgò tí wọ́n dé ìyá àtàwọn ọmọ mọ́ ní ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́, eérú tí wọ́n fọ́n sílẹ̀, ẹ̀bá ààrò tí wọ́n gbé wọn sí lálẹ́.

Kápúsù ọjà ni mo kọ̀ pátápátá. Tetracycline àti irú rẹ̀ tí wọ́n tú sínú omi kì í pa kòkòrò lúkúlúkú, kì í pa ti Gumboro, òtútù ò sì mọ̀ ọ́n. Bí àrùn bá tiẹ̀ jẹ́ irú èyí tó lè gbọ́ oògùn náà, ta ló mọ ìwọ̀n tó yẹ ọmọ adìyẹ nínú kápúsù àgbàlagbà? Ta sì ló mọ ohun tó wà nínú rẹ̀? Cotonou ni Jacques Chirac, ààrẹ Faransé tẹ́lẹ̀, ti pe gbogbo ayé ní 2009 pé kí wọ́n dìde sí ayédèrú oògùn, Cotonou náà ni àwọn aláṣẹ ti ya wọ ọjà oògùn Adjégounlè ní 2017. Ohun tí ìjọba ń kó dànù nítorí èèyàn, kò yẹ ká máa pò ó fún adìyẹ tí èèyàn náà ṣì máa jẹ.

Dókítà ẹran ńkọ́? Ìmọ̀ rẹ̀ ló dájú jù, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó. Owó zémidjan láti abúlé dé Bantẹ̀ ju iye òròmọdìyẹ kan lọ. Kò sí ẹni tó máa gbé òròmọdìyẹ kan lọ sọ́dọ̀ dókítà, kò sì yẹ ká dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ìgbà tó yẹ ká pe òṣìṣẹ́ ẹran ọ̀sìn láìwo owó ni ìgbà tí ọ̀pọ̀ adìyẹ bá kú láàárín ọjọ́ méjì, pàápàá bí orí àti àgbọ̀n wọn bá wú, tí àwọ̀ wọn sì di aró. Àrùn ẹyẹ H5N1 wọ Áfíríkà láti Kaduna ní Oṣù Kejì 2006, nígbà tó fi máa di Oṣù Kejìlá 2007, ó ti dé Benin. Òun lè ran èèyàn. Òkú tí kò tíì rà, tí wọ́n fi ọ̀rá méjì wé, ló wúlò jù fún àyẹ̀wò, ilé àyẹ̀wò ẹran sì wà ní Parakou.

Èyí tó ń ṣàìsàn, kí wọ́n má sáré gbé e lọ tà lọ́jà. Mo mọ̀ pé owó ló ń fa ìyẹn, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí lúkúlúkú ń gbà láti abúlé dé abúlé gan-an nìyẹn. Èyí tó bá kú, kí wọ́n ri í mọ́lẹ̀ jìn tó kí ajá má hú u. Kí àwọn ọmọdé má fi ẹnu ko òròmọdìyẹ lẹ́nu, kí wọ́n sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́, torí kòkòrò àrùn Salmonella lè wà lára èyí tó dà bíi pé ara rẹ̀ le. Ohun kan tún wà tí àwọn ìwé kì í fẹ́ sọ: òròmọdìyẹ tó ti wà nínú ooru fún ọjọ́ kan, tí wọ́n ti fún lómi, tí kò lè gbé orí dúró síbẹ̀, àánú ni kí wọ́n pa á kíá.

Ìṣòro tó kù kì í ṣe ti ìmọ̀. Ìgò àjẹsára kan sábà máa ń tó fún ọgọ́rùn-ún adìyẹ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí wọ́n bá sì ti pò ó, kò ṣeé fi pa mọ́. Ẹni tó ní òròmọdìyẹ mẹ́fà kò lè dá a rà. Nítorí náà, ẹ̀yin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sin adìyẹ ní Agoua, ní Pira, ní Akpassi, ní gbogbo ilẹ̀ Bantẹ̀ àti Savalou, ẹ wo adìyẹ tó ń jẹ̀ ní agbo ilé ẹ̀gbẹ́ yín méjì tàbí mẹ́ta, ẹ ka iye wọn, ẹ dá owó, kí ẹ sì pe ẹni tó ń fún adìyẹ lájẹsára wá kí Oṣù Kọkànlá tó parí. Ẹ̀yin aláṣẹ Bantẹ̀, ẹ kéde ọjọ́ tí yóò wá ní ọjọ́ ọjà, kí gbogbo abúlé lè mọ̀.